Iṣẹ́ ìwádìí lórí àrùn ọpọlọ tí a ń jogún: ṣé ó tó fi ayé ẹni ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ Bódìjà

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú àpéjọ yìí. Mo ti parí iṣẹ́ oyè kejì mi lórí ìmọ̀ ọpọlọ níhìn-ín ní Ìbàdàn, mo sì ń múra láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn àrùn tó ń jẹ ọpọlọ run díẹ̀díẹ̀, tí òbí sì ń bí mọ́ ọmọ, ni ọkàn mi fà sí. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, wọ́n ní àrùn òyìnbó ni mo fẹ́ fi ìgbà èwe mi lé kiri, nígbà tó jẹ́ pé ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń pa àwọn èèyàn wa. Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n kàn bi mí pé níbo ni n óò ti rí àwọn ìdílé tí n óò ṣe ìwádìí lé lórí, n kò sì rí èsì fọ̀.

Ìtàn Nancy Wexler ló kó sí mi lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí fún ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí. Ní ọdún 1968, ìyá rẹ̀, Leonore, ń kọjá títì ní Los Angeles láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọlọ́pàá kan sì bi í pé ṣé ojú kò tì í láti mutí yó ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà kò mutí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Àrùn Huntington ni, èyí tó ti mú bàbá rẹ̀ àti àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ó tó kàn án. Ara ẹni tó ní in yóò máa jó láìsí ìlù, ìwà rẹ̀ yóò máa yí padà, iyè rẹ̀ yóò sì máa rá, títí oúnjẹ àti omi pàápàá yóò fi di ohun tí kò rọrùn láti gbé mì. Milton Wexler, tí í ṣe bàbá Nancy, pe òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Alice, jókòó, ó sì là á yé wọn pé bí ìgbà tí a da owó ẹyọ kan sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí: ó lè ṣí, ó sì lè dé.

Ní ọdún yẹn kan náà ni bàbá wọn dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń wá owó fún ìwádìí àrùn àjogúnbá. Nancy fúnra rẹ̀ gba Venezuela lọ ní 1979, sí àwọn abúlé etí adágún Maracaibo, níbi tí àrùn náà pọ̀ sí ju ibikíbi lọ láyé, ó sì ń padà síbẹ̀ lọ́dọọdún fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní 1983, wọ́n rí àmì tó fi agbègbè tí jíìnì tó ń fa àrùn náà wà hàn, ìyẹn ègé DNA tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ní 1993, wọ́n rí jíìnì náà gan-an. Ní 2020, ó sọ ní gbangba pé àrùn náà ti mú òun pẹ̀lú.

Ìbéèrè mi rèé. Ó lé ní ogójì ọdún tí obìnrin yìí fi dojú kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, títí di òní kò sì sí oògùn tó wo àrùn náà sàn. Ṣé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ohun tí ọmọ Ìbàdàn kan yóò fi ayé rẹ̀ ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwúrí tó. Òótọ́ ni mo fẹ́.

Túnjí Òkè-Àdó

Bàbá yín kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. A ti mọ bí a ṣe ń dènà àrùn àjogúnbá lọ́dọ̀ wa. Kí àwọn tó fẹ́ fẹ́ra wọn lọ ṣe àyẹ̀wò bí a ti ń yẹ jẹ́nótáìpù wò, kí AS má fẹ́ AS. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún Huntington náà, kí ló kù tí ẹnikẹ́ni yóò fi ogójì ọdún wá?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀jẹ́

Túnjí, ọ̀rọ̀ yín yé mi, ṣùgbọ́n àrùn méjèèjì kò gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Nínú fòníkú-fọ̀ladìde, ọmọ gbọ́dọ̀ gba S kan lọ́wọ́ bàbá, kí ó sì gba òmíràn lọ́wọ́ ìyá, kí ó tó di SS. Ẹni tó jẹ́ AS lè dàgbà darúgbó láìmọ̀ pé òun gbé nǹkan kan dání. Nínú Huntington, ẹyọ kan ṣoṣo ti tó. Kò sí ẹni tí ẹni tó ní in lè fẹ́ tí yóò tìtorí bẹ́ẹ̀ yọ ọmọ wọn nínú ewu náà. Ní 1987, Wexler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ kọ nípa àwọn ará Maracaibo kan tí wọ́n gba jíìnì tó bàjẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá àti lọ́wọ́ ìyá, wọn kò sì rí i pé àìsàn tiwọn yàtọ̀ sí ti ẹni tó gba ẹyọ kan.

Àsìkò tó ń yọjú tún wà níbẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ọdún sí àádọ́ta ọdún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ẹni náà ti gbéyàwó, ó ti bímọ mẹ́ta, ó sì ti ń san owó ilé ìwé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àrùn náà fi ń ríbi kọjá láti ìran kan sí òmíràn.

Kí n tún ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí ní 1993, nítorí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Nínú jíìnì yẹn, mẹ́ta kan wà nínú àwọn lẹ́tà tí a fi kọ DNA, CAG, tó ń tún ara rẹ̀ wí bí akólòlò. Bí ó bá tún ara rẹ̀ wí ní ìgbà 26 tàbí kí ó dín, kò sí ewu. Bí ó bá tó 40, àrùn náà yóò mú ẹni náà bí ẹ̀mí rẹ̀ bá gùn tó. Láti 36 sí 39, ó lè mú un, ó sì lè má mú un. Láti 27 sí 35, òun fúnra rẹ̀ kò ní í ṣàìsàn, ṣùgbọ́n iye náà lè gòkè sí i lára ọmọ. Ìgbà tó bá ń ti ọ̀dọ̀ bàbá lọ sọ́dọ̀ ọmọ ni gígòkè yìí ti wọ́pọ̀ jù, bí iye náà bá sì ti ń gòkè ni àrùn náà ń tètè dé. Purotéènì tí jíìnì tó kólòlò bẹ́ẹ̀ ń ṣe kì í dúró bó ti yẹ kí ó dúró, ó sì ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó ń darí bí ara ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Bàbá Láàbù

Akẹ́kọ̀ọ́ Bódìjà, ọmọ mi, mo kí ọ. Iṣẹ́ láàbù ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì sí Mókólá, nítorí náà ojú ẹni tó ń fi ọwọ́ mú ẹ̀jẹ̀ ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ohun tí o kọ. Wexler kò kọ́ iṣẹ́ láàbù. Ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ló kọ́. Ní yunifásítì Michigan ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1974, lórí bí àwọn tí òbí wọn ní Huntington ṣe ń gbé ayé láìmọ̀ bóyá yóò kan àwọn náà. Ẹ má fojú kéré èyí. Àwọn tó mọ DNA pọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó lè jókòó sórí àpótí nínú abà onípákó, kí ó bi obìnrin kan pé ta ni bàbá rẹ, ta ni bàbá bàbá rẹ, èwo nínú wọn ló jó títí ó fi kú, tí obìnrin náà yóò sì dá a lóhùn, irú wọn kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìdílé ńlá fi ṣe pàtàkì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìbàdàn, ẹ mọ̀ pé ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjàaba, nọ́ńbà kọ́ ni a fi ń júwe ilé. A óò ní ilé náà kángun sí mọ́ṣáláṣí, tàbí pé ó dojú kọ ìyá alákàrà. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wá jíìnì nígbà yẹn nìyẹn. Wọn kò mọ ilé náà, ṣùgbọ́n wọ́n lè wá àmì kan nínú DNA tí kì í jìnnà sí i, kí wọ́n wò ó bóyá gbogbo ẹni tó ní àrùn nínú ìdílé kan ló ní irú àmì náà, tí àwọn tí kò ní àrùn kò sì ní in. Inú ẹbí kékeré, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ èèṣì. Inú ẹbí tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, kò lè jẹ́ èèṣì mọ́. Ó sì yẹ kí inú wa dùn sí ibi tí ọgbọ́n yìí ti kọ́kọ́ so èso: àrùn tiwa ni. Ní 1978, Kan àti Dozy fi hàn pé irú àmì bẹ́ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì fòníkú-fọ̀ladìde. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí Huntington jókòó, tí wọ́n ní bí ó bá ṣeé ṣe fún ti ẹ̀jẹ̀, ó lè ṣeé ṣe fún ti ọpọlọ.

James Gusella, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá jíìnì Huntington, rí àmì tirẹ̀ lórí kromosómù kẹrin (ọ̀kan nínú àwọn okùn tí DNA dì sí) ní 1983, kò sì tíì dán ọ̀pọ̀ àmì wò rárá kí ó tó bọ́ sí i. Oríire ni. Lẹ́yìn oríire yẹn, ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò náà, ẹgbẹ́ mẹ́fà, onímọ̀ 58, kí wọ́n tó bá onílé. Àtẹ ìdílé tí Wexler yà lé ní 18,000 èèyàn, ó sì gùn débi pé ara ògiri ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Obìnrin kan tó gbé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, María Concepción Soto, ni wọ́n tọ ìran náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan tún wà tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń fò dá: Américo Negrette, dókítà ọmọ Venezuela, ẹni tó dé àárín àwọn èèyàn náà ní nǹkan bí ọdún 1950 ó lé díẹ̀. Àwọn ará àdúgbò sọ fún un pé kì í ṣe ọtí ló ń ta àwọn tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ yẹn, pé àrùn ìdílé ni. Ó gbà wọ́n gbọ́, ó yẹ wọ́n wò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí ti ọmọ onílẹ̀ tó kọ́kọ́ fetí sílẹ̀, kò sí ibi tí àlejò yóò forí lé.

Agbẹjọ́rò Ìyágankú

Ẹ ṣeun, Bàbá Láàbù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè bí a ṣe ń bi ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Kí ni àwọn ará Maracaibo rí gbà? Mo kà pé wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú kan fún wọn ní 1999, tí owó sì tán nígbà tó yá tí wọ́n fi tì í pa. Àwọn tó fa ọwọ́ sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ ṣì ń gbé nínú òṣì tí wọ́n ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn mìíràn gba àmì ẹ̀yẹ.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Láti Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá 90, bàbá, ìyá àti ọmọ nínú ìdílé 30, fún iṣẹ́ HapMap tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, èyí tó ń wo bí DNA àwọn èèyàn ayé ṣe yàtọ̀ síra. Títí di òní, ọ̀pọ̀ láàbù tó ń wo DNA láyé ló ń lo lẹ́tà mẹ́ta kan, YRI, ìyẹn Yorùbá ní Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé wọ́n bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á, n kò sọ pé wọ́n jí i. Ohun tí mo ń béèrè ni pé bí ọ̀dọ́bìnrin yìí bá lọ kó àwọn ìdílé jọ, kí ni yóò kọ sínú ìwé àdéhùn pé wọn yóò rí gbà?

Ọmọ Ìdíkàn

Mo fẹ́ dá Agbẹjọ́rò lóhùn, nítorí inú agbo ilé wa ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní 1992, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó so Ìbàdàn pọ̀ mọ́ Indianapolis ní Amẹ́ríkà, Ìdíkàn ni wọ́n yàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ló ṣáájú rẹ̀ níhìn-ín, Hugh Hendrie sì ṣáájú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá iyè ríra tó ń bá arúgbó pọ̀ láàárín Yorùbá tó bó ti pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n bá wa pín nínú ìran kan náà. Arúgbó 2,494 tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé, ìyá bàbá mi sì wà lára wọn.

Mo ṣì kéré, ṣùgbọ́n mo rántí pé ohun tó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ ni ọjọ́ orí. Ta ló kọ ọjọ́ ìbí ìyá àgbà sílẹ̀? Ìtàn ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní ìwé kan lọ́wọ́ tí wọ́n to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ àtijọ́ sí. Bí ìyá àgbà bá sọ pé ìyá òun gbé òun pọ̀n nígbà lùkúlùkú, a jẹ́ pé 1918 nìyẹn. Bí wọ́n bá ní àwọn ti lè ru omi nígbà tí wọ́n ń kọ́ Màpó, ìyẹn náà ní ibi tó bọ́ sí. Ìbéèrè tí wọ́n fi ń yẹ iyè wò kò gba kí èèyàn mọ̀wé kà, wọ́n sì tún máa ń bi ọmọ ilé léèrè lọ́tọ̀ pé ṣé màmá ṣì mọ̀nà ọjà, ṣé wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà tẹ àwọn bàbá wa lọ́rùn, nítorí wọ́n rí i pé kì í ṣe ìdánwò ilé ìwé ni wọ́n fẹ́ fi kàn wọ́n lábùkù.

Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù sì ń bá iṣẹ́ náà lọ. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, nínú Yorùbá tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn 1.35 nínú 100 ni iyè ríra tuntun ń bá lọ́dún. Ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Agbẹjọ́rò, ohun tí a rí gbà kì í ṣe owó. Ohun tí a rí ni pé nígbà tí ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán, kò sí ẹni tó pè wọ́n ní àjẹ́ nínú agbo ilé wa. A ti mọ orúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Bóyá ìyẹn tó tàbí kò tó, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ.

Agbẹjọ́rò Ìyágankú

Ó tó nǹkan. Kò tó ohun tí mo béèrè, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan.

Bàbá Láàbù

Ọmọ Ìdíkàn kò sọ apá tó yẹ kí Akẹ́kọ̀ọ́ Bódìjà gbọ́ jù. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní APOE, irú rẹ̀ kan, e4, sì ni òkìkí rẹ̀ kàn láàárín àwọn òyìnbó pé ó ń fa àrùn Alzheimer, ìyẹn irú iyè ríra tó wọ́pọ̀ jù, sún mọ́ni. Nígbà tí wọ́n wò ó lára àwọn ará Ìdíkàn, e4 wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, àrùn náà kò sì tẹ̀ lé e bó ti yẹ. Ìgbà tó di 2014 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹni tó ní e4 méjì lára Yorùbá wà nínú ewu, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Ohun tí òyìnbó rí lára òyìnbó kò sọ gbogbo ìtàn náà. Wọ́n nílò Ìdíkàn kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo tún ní ìkìlọ̀ kan fún ọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ń rìn nínú ìdílé ló ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé orúkọ Ọ̀ṣúntókun jáde láyé, èyí tí ó tẹ̀ jáde ní 1968, dá lórí àìsàn kan tó ń mú ẹsẹ̀ wúwo, tó ń sọ ojú di bàìbàì, tó sì ń di etí. Èèyàn méjì mẹ́ta nínú ilé kan lè ní in, àwọn ará abúlé yóò sì sọ pé àrùn ìran wọn ni. Ọ̀ṣúntókun tọ ipa rẹ̀ dé inú ìkòkò ọbẹ̀ àti àwo gààrì: ẹ̀gẹ́ tí májèlé inú rẹ̀ kò jáde tán, tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹran tàbí ẹja tó tó. Ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àrùn fi jọra. Bí o bá ya àtẹ ìdílé rẹ, tí o rí i pé àrùn pọ̀ níbẹ̀, bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ kí o tó gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn.

Ní ti oògùn tí o mẹ́nu kàn. Tetrabenazine ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà láti 2008. Ó ń dín ijó ara kù, kò dá ọpọlọ dúró kí ó má bàjẹ́. Oògùn kan tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fún ní ọ̀pá ẹ̀yìn, tominersen, gba ìrètí gbogbo ayé, wọ́n sì dá ìdánwò rẹ̀ dúró ní 2021 nítorí kò ran aláìsàn lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ilé iṣẹ́ uniQure kéde pé oògùn kan tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ sí inú ọpọlọ ti mú kí àrùn náà falẹ̀ gidigidi lára àwọn tó gba èyí tó pọ̀. Àwọn aláìsàn náà kò ju méjìlá lọ, kò sì sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ́ kèké yàn láti fi wọ́n wéra. N kò tíì jó. Mo kàn ń tẹ́tí sí ìlù náà ni.

Aláìlórúkọ

N kì í sọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, kí ẹ má sì béèrè orúkọ mi.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ọdún mẹ́tàlélógójì. Ìka wọn ni a kọ́kọ́ rí, ó ń ta bí ẹni tó ń tẹ dùrù. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé, àwọn tí a mọ̀ sí oníwà tútù. Nígbà tó di pé wọn kò lè rìn ní ìlà kan, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ní àsàsí ni, pé ẹnì kan tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀ ló ta á. Ilé ìwòsàn kan tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ sọ fún ìyá mi lójú gbogbo èèyàn nínú wọ́ọ̀dù pé kí ó lọ gba ọtí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Bàbá mi kì í fẹnu kan ọtí. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá inú ìtàn òkè yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jáde síta fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ti kú. Dókítà kan tó rí wọn kẹ́yìn sọ pé ó jọ Huntington lójú òun, ṣùgbọ́n a kò ṣe àyẹ̀wò. Mo ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo ní àfẹ́sọ́nà. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń wádìí ilé wa báyìí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ti sọ fún gbogbo wa pé jàǹbá ọkọ̀ ló pa bàbá mi.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀jẹ́

Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà. Mo ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn.

Èkíní, ẹ kò tíì mọ̀ pé Huntington ni. Ohun mìíràn lè mú ara fò bẹ́ẹ̀. Oníṣègùn ọpọlọ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jókòó, kí ẹ sọ ìtàn bàbá yín fún un bí ẹ ti sọ ọ́ fún wa, láìfi ọ̀rọ̀ jàǹbá ọkọ̀ sí i. Èkejì, kò sí ẹni tó lè fi agbára mú yín ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ni pé wọn yóò bá ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le sọ̀rọ̀ dáadáa ṣáájú àyẹ̀wò àti lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í sì ṣe é fún ọmọdé tí kò ní àmì àìsàn kankan. Láti ìgbà tí àyẹ̀wò náà ti wà, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é. Ẹlòmíràn fẹ́ mọ̀ kí ó lè ṣètò ayé rẹ̀. Ẹlòmíràn kò fẹ́ jí lójoojúmọ́ kí ó máa wo ìka ara rẹ̀. N kò lè sọ èyí tó dára jù fún yín.

Ní ti àfẹ́sọ́nà yín, ẹ má jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Àwọn àgbà wa ní ìdí tí wọ́n fi ń wádìí bóyá wárápá, ẹ̀tẹ̀ tàbí wèrè wà ní ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fún ni. Ìwádìí yẹn náà ló kọ́ gbogbo ìdílé láti máa purọ́, nítorí ẹni tó bá jẹ́wọ́ ni ọmọbìnrin rẹ̀ kì í rí ọkọ. Mo ti gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ aláìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi tí a kọ "àrùn tó wà ní ìdílé" sí, "kò sí" ni wọ́n máa ń kọ. Àfi bí ìyá arúgbó kan bá bá wọn wá, tí mo sì ráyè jókòó tì í nídìí gààrì tó ń rẹ, nígbà náà ni n óò gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí alárinà títí dé orí ẹni tí wọ́n sin lóru.

Akẹ́kọ̀ọ́ Bódìjà, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ yín béèrè ibi tí ẹ óò ti rí ìdílé. Wọn kò sọnù. Wọ́n ń sọ fún wa pé jàǹbá ọkọ̀ ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Bódìjà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá ẹni tí kò dárúkọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ka àwọn èsì yìí kí n tó padà wá.

Mo ti bá alábòójútó iṣẹ́ mi sọ̀rọ̀. N kò ní í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rárá. Ọdún kìíní yóò lọ lórí gbígbọ́ ìtàn ìdílé àwọn tó ń wá sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ nítorí ọwọ́ gbígbọ̀n, ijó ara tàbí iyè ríra, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí níjòókòó. Ìbéèrè lórí oúnjẹ yóò wà níbẹ̀, Bàbá Láàbù. Ìbéèrè Agbẹjọ́rò ló le jù fún mi. Ohun tí mo lè kọ sínú ìwé àdéhùn báyìí ni pé ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò gbọ́ ohun tí a bá rí lẹ́nu wa ní èdè wọn, kí ó tó jáde nínú ìwé ìròyìn kankan, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ kò ní í gbọ́. Mo mọ̀ pé ó kéré.

Ní ti àrùn òyìnbó, mo sọ fún bàbá mi nípa èyí tó jáde ní 2023. Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo DNA èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200,000 tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà, 1,488 nínú wọn ló ní Parkinson, àrùn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, wọ́n sì rí ìyípadà kan nínú jíìnì GBA1 tó ń fi kún ewu àrùn náà. Kò rí bíi Huntington tó jẹ́ dandan. Ṣùgbọ́n ìyípadà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára òyìnbó rárá. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọdún tí wọ́n fi wá a lọ́dọ̀ wọn kò fi rí i.

Bàbá mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé ṣé mo rántí Bàbá Àgbà ti Òkè Ààrẹ̀mọ, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tí wọn kì í lè gbé ife tíì láìdà á sílẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe òun nìkan. Wọ́n ní kí n lọ mú bírò wá.

Bàbá Láàbù

Bí o bá ń kọ ọ́, ọjọ́ orí tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni kí o kọ, má kọ ti ikú nìkan. Bi wọ́n bóyá ọwọ́ ń gbọ̀n nígbà tó bá wà ní ìsinmi tàbí ìgbà tó bá gbé nǹkan dání nìkan, nítorí àrùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ife tíì tí bàbá rẹ sọ sì ń ṣe mí ní iyèméjì. Kọ àwọn obìnrin ìdílé náà pẹ̀lú. Àwọn tó ti relé ọkọ ni a máa ń gbàgbé.